Jim Henson, Ẹni Tó Fún Ọmọlangidi Ní Ohùn

Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú kọ ìtàn ẹni ńlá kan tó ti kú tipẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sáré mú ọba, ológun àti olóṣèlú. Èmi mú ọkùnrin tó fi kóòtù àtijọ́ ìyá rẹ̀ ṣe ọmọlangidi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí ná.

Jim Henson ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1936, ni wọ́n bí i sí ìlú Greenville, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìjọba tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ìyá ìyá rẹ̀ mọ aṣọ rán, ó sì mọ àwòrán yà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Jim ti kọ́ bí a ṣe ń lo abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ sí ìpínlẹ̀ Maryland, nítòsí Washington. Tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn èèyàn nígbà yẹn. Jim yọ àwọn òbí rẹ̀ lẹ́nu títí wọ́n fi ra ọ̀kan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tẹlifíṣọ̀n ló wù ú, kì í ṣe ọmọlangidi. Ní ọdún 1954, ó gbọ́ pé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ń wá ọ̀dọ́ tó lè fi ọmọlangidi ṣeré. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó lọ yá ìwé ní láíbúrérì, ó kọ́ ọ, wọ́n sì gbà á. Ní ọdún 1955, nígbà tó ti wọ yunifásítì Maryland, wọ́n fún un ní ètò tirẹ̀, Sam and Friends. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Òun àti Jane Nebel tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì ni wọ́n jọ ń ṣe é. Wọ́n fẹ́ra ní ọdún 1959, wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún.

Ìgbà yẹn ló gé kóòtù ìyá rẹ̀, ó la bọ́ọ̀lù ping-pong sí méjì fi ṣe ojú, ó sì sọ ọ́ ní Kermit. Kermit kò tíì di ọ̀pọ̀lọ́ nígbà náà o, ó ṣì dà bí aláǹgbá. Nígbà tó yá ló wá di ọ̀pọ̀lọ́ tí gbogbo ayé mọ̀.

Kí ló wá ṣe tí ẹlòmíì ò ṣe? Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń fi ọmọlangidi ṣeré máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn pákó tàbí kọ́tìnì. Jim rí i pé ohun tí kámẹ́rà ò bá ti mú, òǹwòran ò lè rí i, kí ni wọ́n tún ń fi kọ́tìnì ṣe? Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ sókè kọjá orí, wọ́n á máa wo tẹlifíṣọ̀n kékeré kan kí wọ́n lè rí ohun tí òǹwòran ń rí. Ẹ na ọwọ́ yín sókè fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ wò ó. Mo dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò lè ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọmọlangidi onígi kì í yí padà. Fóòmù àti aṣọ ni Jim fi ṣe tirẹ̀, tí ọwọ́ bá ti yí nínú rẹ̀, ojú náà á yí: á bínú, á tijú, ẹnu á yà á.

Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ń ta àwọn èèyàn lára pẹ̀lú. Láti ọdún 1957, ó ṣe ìpolówó kọfí tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ọmọlangidi kan fẹ́ràn kọfí, èkejì kò fẹ́. Èyí tí kò fẹ́ náà, ìyà ńlá ló máa ń jẹ ẹ́. Ìpolówó ló ń ṣe, ó tún ń fi àwọn onípolówó ṣe yẹ̀yẹ́! Ó mú akọ̀ròyìn, ó mú olórin, ó mú idì kan tó ń jẹ́ Sam, tó ń pe ara rẹ̀ ní olùtọ́jú ìwà rere, tí ohun gbogbo ń rí lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tí ẹni tó wọ agọ̀ ń sọ ohun tí ojú lásán ò lè sọ. Àwọn Tiv náà ní Kwagh-hir, ọmọlangidi ń ṣeré níbẹ̀.

Ní ọdún 1969, Sesame Street bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọlangidi Jim sì ń kọ́ ọmọdé ní lẹ́tà àti nọ́ńbà. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ ṣe ètò tí àgbà náà lè wò, àwọn iléeṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà kò gbà á. Lew Grade ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe The Muppet Show láti 1976 sí 1981, ó sì pé ọgọ́fà ẹ̀dà. Àwọn bàbá arúgbó méjì wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa bú eré náà lọ. Jim ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹlòmíì tó ṣe é.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1990, ara rẹ̀ kò yá. Ó dà bí òtútù lásán. Kò tètè lọ sí ọsibítù, nítorí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òtútù àyà ni, kòkòrò àìsàn sì ti gba gbogbo ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa débẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ 16 ló kú ní New York, ẹni ọdún 53. Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ dúdú wá síbi ìsìn ìdágbére òun.

Ibí yìí ló dùn mí jù. Ó fún aṣọ àti fóòmù ní ohùn, ṣùgbọ́n kò fún ìrora ara rẹ̀ ní ohùn. Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, ibà mú mi, mo bo ara mi mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mẹ́ta torí mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ. Ọ̀rẹ́ mi ló fi ọ̀rọ̀ náà tó nọ́ọ̀sì létí. Mo bínú sí i nígbà yẹn. Ní báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe Sesame Street ti Nàìjíríà, wọ́n pè é ní Sesame Square. Ọmọlangidi kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kami, ọmọ ọdún márùn-ún, ó ní kòkòrò HIV, ó sì ń sọ ọ́ jáde láìtijú. Jim ti kú kí wọ́n tó dá Kami. Ohun tí Jim kò lè sọ fúnra rẹ̀, ọmọlangidi sọ ọ́. Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí ara yín ò bá yá, ẹ lanu sọ ọ́ o.