Jacques Cousteau: Ológun ojú omi tó jẹ́ kí ọmọ ènìyàn lè mí lábẹ́ òkun, àti èéfín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á

Láti ọdún 1950 tí wọ́n ti la ọ̀nà omi Vridi láti inú òkun wọ ọ̀sà Ébrié ni Abidjan ti di ọ̀kan lára àwọn èbúté ńlá ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú náà, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò, mọ bí ọkọ̀ òkun ṣe ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní èbúté gbogbo, iṣẹ́ kan wà tí ẹni tó dúró sí etí omi kì í rí: iṣẹ́ àwọn òmùwẹ̀ tó ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn lọ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mí kò ní ju ẹ̀rù ènìyàn kan lọ. Bí ó bá dára, òmùwẹ̀ yóò padà wálé. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa ẹni tó gbé e. Kò sí ẹni tí ìtàn ayé rẹ̀ fi èyí hàn tó Jacques Cousteau, ọmọ Faransé tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ẹ̀rọ náà.

Ta ni Jacques Cousteau?

Ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà, ọdún 1910 ni wọ́n bí Jacques-Yves Cousteau ní Saint-André-de-Cubzac, ìlú kan nítòsí Bordeaux. Ní 1930, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi ní Brest. Iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú ló wù ú, àmọ́ ní 1936 ìjàm̀bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá a, apá rẹ̀ méjèèjì sì fara gbọgbẹ́. Báyìí ni ọ̀nà òfurufú ṣe dí mọ́ ọn.

Ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Philippe Tailliez, gbà á níyànjú pé kó máa lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ní agbègbè Toulon kí apá rẹ̀ lè le. Níbẹ̀ ni Cousteau ti fi awò bojú wo abẹ́ omi fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa fa ògidì ọ́síjìn símú lábẹ́ omi. Gìrì mú un, ó sì dákú. Ọ́síjìn tó ń gbé ẹ̀mí ró lórí ilẹ̀ a máa di májèlé bí a bá mí in ní ògidì níbi tí omi bá ti jìn.

Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ kọ iṣẹ́

Ní ìparí 1942, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Faransé, epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n. Émile Gagnan, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ Air Liquide ní Paris, ti ṣe fáàfù kékeré kan tó ń díwọ̀n gáàsì fún ọkọ̀ tí kò rí epo lò. Bàbá ìyàwó Cousteau jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà ti ṣí tí àwọn méjèèjì fi pàdé.

Ẹni tó bá mọ régúlétọ̀ orí sílíńdà gáàsì ìdáná yóò lóye ohun tí wọ́n ṣe. Afẹ́fẹ́ tí a kì mọ́ inú sílíńdà ní agbára ju èyí tí ẹ̀dọ̀fóró lè gbà lọ. Régúlétọ̀ ló ń rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n régúlétọ̀ ti abẹ́ omi ní iṣẹ́ mìíràn. Ó gbọ́dọ̀ fún òmùwẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ bá bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mu, kìkì ìgbà tó bá sì fà á nìkan.

Ní oṣù Kìíní 1943, Cousteau wọ odò Marne, nítòsí Paris, láti dán an wò. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ nínú omi, ó mí dáadáa. Nígbà tó nàró, afẹ́fẹ́ ń tú dànù. Nígbà tó dorí kodò, agbára káká ló fi rí èémí. Àwọn méjèèjì rò ó títí wọ́n fi rí àṣìṣe náà: ibi tí èémí ń gbà jáde kò sí ní ìpele kan náà pẹ̀lú ibi tó ń gbà wọlé, ìtẹ̀ omi lórí méjèèjì kò sì dọ́gba. Wọ́n gbé e sún mọ́ ara wọn, ìṣòro náà sì tán. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún náà, Cousteau wọ òkun ní Bandol, ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́.

Èéfín nínú sílíńdà

Ní oṣù Kẹjọ 1946, Cousteau àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Frédéric Dumas, wọ orísun omi Fontaine de Vaucluse ní gúúsù Faransé láti wá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Maurice Fargues, ẹlẹgbẹ́ wọn, di okùn wọn mú ní òkè.

Bí wọ́n ti dé inú ibú, orí wọn dàrú. Dumas kò lè dá ara rẹ̀ gbé mọ́. Cousteau gbìyànjú láti fi okùn ránṣẹ́ sókè, ṣùgbọ́n àmì náà kò yé ẹni tó wà lókè. Nígbà tí Fargues fura pé nǹkan ti bàjẹ́, ó fa okùn náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ títí wọ́n fi jáde láàyè.

Nígbà tí wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà wò, àṣírí tú. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n fi kún sílíńdà náà ti ń fa èéfín ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ mọ́ra. Gáàsì carbon monoxide ló ti bá afẹ́fẹ́ wọlé, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Òun kan náà ló ń pa odindi ìdílé mọ́jú nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Orísun omi náà kọ́ ló fẹ́ pa wọ́n, bí kò ṣe ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe lórí ilẹ̀.

Ẹni tó di okùn mú

Ní oṣù Kẹsàn-án 1947, Fargues fúnra rẹ̀ wọ òkun ní Toulon láti mọ ibi tí ènìyàn lè fi afẹ́fẹ́ sílíńdà dé. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó tí wọ́n so mọ́ okùn ní mítà 120. Lẹ́yìn náà, kò fi àmì kankan ránṣẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n fà á sókè, rọ́bà èémí ti yọ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀mí ti bọ́.

Níbi tó jìn bẹ́ẹ̀, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ a máa pa ènìyàn bí ọtí. Ọkùnrin tó gba Cousteau là kò ní ẹni tó lè gba òun sílẹ̀. Lónìí, mítà 40 ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni ní ìwẹ̀ abẹ́ omi sábà máa ń fi ṣe òpin fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbádùn.

Calypso dé Òkun Guinea

Láti 1951 ni Cousteau ti ń fi ọkọ̀ rẹ̀, Calypso, káàkiri. Fíìmù rẹ̀ nípa abẹ́ òkun gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ ní Cannes ní 1956, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn bu ẹnu àtẹ́ lù ú lẹ́yìn náà nítorí àdó olóró tí wọ́n fi pa ẹja nínú rẹ̀. Lọ́dún kan náà, Calypso wá sí Òkun Guinea, omi tó fọwọ́ kan Abidjan, Cotonou àti Èkó. Ó dé São Tomé àti Príncipe, ó sì ju ìdákọ̀ró sí kòtò Romanche lórí agbedeméjì ayé, níbi tí omi ti jìn ju mítà 7,000 lọ.

Kí ni èyí kọ́ àwọn òmùwẹ̀ òde òní?

Ibi tí ẹ̀rọ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jìnnà sí èéfín, kí ó sì wà ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Kí a yí ìdérí padà sí ẹnu régúlétọ̀ kí a tó fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Iyọ̀ òkun tó bá gbẹ síbẹ̀ a máa jẹ irin, a sì máa há fáàfù. Kí ẹni tó mọṣẹ́ máa tú u yẹ̀ wò bí ẹni tó ṣe é ti là á sílẹ̀, kí a sì máa yẹ inú sílíńdà wò nítorí ìpatà. Kí òmùwẹ̀ méjì yẹ ẹ̀rọ ara wọn wò kí wọ́n tó wọ omi: ṣé fáàfù ti ṣí, ṣé afẹ́fẹ́ tó, ṣé ó ń wọlé geere? Kí àmì okùn sì yé ẹni tó wà lókè.

Cousteau lo ìyókù ayé rẹ̀ láti gbèjà òkun. Calypso rì ní Singapore ní 1996. Òun fúnra rẹ̀ kú ní Paris ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà, ọdún 1997, lẹ́ni ọdún 87, wọ́n sì sin ín sí ìlú tí wọ́n bí i sí.