ROBERT REMAK ÀTI PÍPÍN SẸ́Ẹ̀LÌ

Ní ọdún 1815 ni a bí Robert Remak ní ìlú Posen, ní ilẹ̀ Póláǹdì tí ó wà lábẹ́ ọba Prọ́síà nígbà náà. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Berlin, ó sì di dókítà ní ọdún 1838. Ṣùgbọ́n òfin kò gba Júù láyè láti jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Prọ́síà. Bí ó bá gbà kí a ṣe ìrìbọmi fún òun, ọ̀nà ìbá là. Remak fi àáké kọ́rí. Ó ń fi iṣẹ́ ìṣègùn jẹun, ó sì ń bá ìwádìí rẹ̀ lọ.

Sẹ́ẹ̀lì ni ohun tín-ín-tín tí a fi mọ ara ohun alààyè gbogbo, bí a ti ń fi bíríkì mọ ilé. Schleiden àti Schwann, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbọ́ tiwọn, ti kọ́ni pé inú omi ara ni sẹ́ẹ̀lì titun ti ń dì jọ, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ti ń dì nínú omi òkun tí oòrùn ń gbẹ. Ní ọdún 1841, Remak fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ adìẹ tí ó wà nínú ẹyin. Ohun mìíràn ni ó rí: kóró inú sẹ́ẹ̀lì di méjì, ìbàdí sẹ́ẹ̀lì náà fún, ó sì já sí méjì.

Kò sáré kéde. Ó yẹ ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ wò pẹ̀lú. Ó fi egbòogi mú kí awọ rẹ̀ le, kí ààlà lè hàn kedere. Ẹyin kan pín sí méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Ní ọdún 1852 ni ó tó wí gbangba pé ara sẹ́ẹ̀lì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń wá. Ó ní àwọn kókó burúkú tí ń hù lára aláìsàn pàápàá, pípín sẹ́ẹ̀lì aláìsàn náà ni ó bí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún àwọn tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ.

Ní ọdún 1855, Rudolf Virchow, dókítà olókìkí, fi gbólóhùn Látìnì kúkúrú kan sọ ohun kan náà, kò sì dárúkọ Remak. Gbólóhùn náà ni ayé gbà, Virchow ni ó sì gbayì rẹ̀. Kò ṣòro láti mọ bí èyí yóò ti dun Remak tó.

Ní ọdún 1847, àṣẹ ọba ti jẹ́ kí ó máa kọ́ni ní Berlin; ní ọdún 1859 a fi oyè igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n dá a lọ́lá. A kò sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n kíkún títí ó fi kú ní ìlú Kissingen ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1865.