Margaret Farrar, Obìnrin tí ó Sọ Eré Ọ̀rọ̀ di Iṣẹ́ Àṣelà

Bí olùkọ́ bá ní kí o kọ ìtàn ìgbésí ayé olókìkí kan tí ó ti kú, bóyá ọba, jagunjagun tàbí olóṣèlú ni ọkàn rẹ yóò kọ́kọ́ lọ sí. Ẹni tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nínú àròkọ yìí kò jọba, kò jagun, kò sì du ipò kankan. Ìbéèrè kéékèèké ni ó ń tò sínú ìwé ìròyìn, tí àwọn àgbàlagbà fi ń jókòó tì í ní òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù họ orí. Margaret Farrar ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni. Òun ni olóòtú àkọ́kọ́ fún àdììtú ọ̀rọ̀, èyí tí a mọ̀ sí krọ́sìwọ́ọ̀dù, nínú ìwé ìròyìn The New York Times.

Kí ìtàn náà tó lè yé ọ dáadáa, ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ bí eré yìí ti rí. O mọ àlọ́ àpamọ̀ tí àwọn òbí wa ń pa ní alẹ́. Ẹnì kan yóò fi ọ̀rọ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀, àwọn yòókù yóò sì máa wá a. Bákan náà ni àdììtú ọ̀rọ̀ rí, ṣùgbọ́n orí ìwé ni a ti ń pa á. A ó ya ojú onígun mẹ́rin kéékèèké, àwọn kan funfun, àwọn kan dúdú. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ń wọ inú ojú funfun kọ̀ọ̀kan, a kì í sì í ka àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ kan yóò gba ìbú, òmíràn yóò gba òró, wọn yóò sì máa la ara wọn kọjá. Jẹ́ kí a wí pé ìbéèrè ìbú ń fẹ́ orúkọ ẹyẹ onílẹ́tà márùn-ún. O lè kọ àdàbà, o lè kọ àkókó, o sì lè kọ àkùkọ. Èwo ni kí o mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Wo ìbéèrè òró tí ó parí sí ojú kẹta ọ̀rọ̀ náà. Ó ń fẹ́ ẹ̀yà ara onílẹ́tà mẹ́ta tí a fi ń gbọ́ òórùn. Imú ni. Lẹ́tà U ni ó parí imú, nítorí náà lẹ́tà U ni ó gbọ́dọ̀ wà ní àárín orúkọ ẹyẹ náà. Àkùkọ ni, kì í ṣe àdàbà tàbí àkókó. Adùn eré náà nìyẹn: èyí tí o mọ̀ ni yóò mú ọ dé ibi èyí tí o kò mọ̀.

Kì í ṣe Margaret ni ó dá eré yìí sílẹ̀. Arthur Wynne, tí a bí ní ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ìwé ìròyìn New York World. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913, ni ó jáde, ó sì rí bíi dáyámọ́ńdì. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀ lọ́gán. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà kò kà á sí. Ìnira ni ó jẹ́ fún àwọn tí ń to lẹ́tà, àṣìṣe sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí nọ́ńbà máa ń sọnù, ìgbà mìíràn wà tí ìbéèrè kò ní bá ìdáhùn mu rárá.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1897 ni a bí Margaret ní Brooklyn, ní ìlú New York. Margaret Petherbridge ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé ọkọ. Ó kàwé títí dé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Smith, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó sì gba oyè níbẹ̀ ní ọdún 1919. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ní ọdún 1921 ó rí iṣẹ́ sí New York World gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé fún olóòtú ìwé ìròyìn ti ọjọ́ Àìkú. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ọ̀nà ti là. Àṣé àdììtú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọ́fíìsì ń sá fún ni wọn yóò gbé lé òun lọ́wọ́.

Bí o bá jẹ́ òun, kí ni ò bá ṣe? Margaret kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kò sì fi pamọ́. Kò tilẹ̀ tíì tú àdììtú kan rí láyé rẹ̀. Nínú àwọn tí òǹkàwé fi ránṣẹ́, èyí tí ó bá dára lójú ni yóò mú, yóò sì fi í ṣọwọ́ sí àwọn atẹ̀wé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà ẹ̀sùn ń wọlé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò kọbi ara sí wọn. Lójú tirẹ̀, àwọn aláìníṣẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́.

Ẹni tí ó la ojú rẹ̀ ni Franklin P. Adams, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé kan tí ó wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ náà. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn àdììtú ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, yóò wá bá Margaret ní ọ́fíìsì, yóò sì máa ka àṣìṣe náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó yá, Margaret pinnu láti jókòó kí ó tú ọ̀kan fúnra rẹ̀. Kò lè tú u. Ìbéèrè kò tọ̀nà, ọ̀rọ̀ ń fò, nọ́ńbà ń darí ènìyàn síbi tí kò yẹ. Ìgbà náà ni ó mọ̀ pé òdodo ni àwọn tí òun ń pè ní aláìníṣẹ́ ń sọ. Ó fi ọwọ́ òsì lé orí ìwé atúmọ̀ èdè, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì búra pé òun yóò tún iṣẹ́ náà ṣe.

Kíyè sí ibi yìí dáadáa, nítorí òun ni oríta ayé obìnrin yìí. Iṣẹ́ tí a kò kà sí yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi mú un ni ó yí padà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àdììtú kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi í síta.

Òun àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Prosper Buranelli àti F. Gregory Hartswick, fi ìlànà lélẹ̀. Èkínní, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí lẹ́tà mẹ́ta. Èkejì, kò gbọdọ̀ sí lẹ́tà tí ó dá wà: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òró, kí ẹni tí kò mọ ọ̀kan lè gba ti èkejì dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta, ojú dúdú kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́fà lọ. Ẹ̀kẹrin, bí o bá yí ìwé náà po tí òkè di ìsàlẹ̀, àwọn ojú dúdú gbọ́dọ̀ ṣì wà ní àyè kan náà. Títí di òní, ìlànà wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé.

Ní ọdún 1924, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Richard Simon àti Max Schuster, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹ̀gbọ́n òbí Simon kan béèrè bóyá a lè rí ìwé tí ó kún fún àdììtú ọ̀rọ̀ rà. Kò sí irú rẹ̀ láyé nígbà náà. Wọ́n tọ Margaret àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lọ, àwọn wọ̀nyí sì ṣètò ìwé náà fún wọn. Ẹ̀rù ba àwọn olùtẹ̀wé náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi orúkọ ara wọn sí i. Ẹ̀dà 3,600 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, wọ́n sì so pẹ́ńsùlù mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún náà tó parí, èyí tí a tà ti ju 100,000 lọ. Eré náà gba ìgboro kan. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan kó ìwé atúmọ̀ èdè sínú ọkọ̀ fún àwọn èrò. Ilé ìkàwé ńlá ìlú New York ráhùn pé àwọn atúdìítú kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ìwé atúmọ̀ èdè lò mọ́. The New York Times bu ẹnu àtẹ́ lu eré náà, ó pè é ní ìfàkókò-ṣòfò àti irú wèrè kan.

Ní ọdún 1926 Margaret fẹ́ John Farrar, olùtẹ̀wé tí orúkọ rẹ̀ wá di ńlá ní Amẹ́ríkà. Ó fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó bí ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n láti ilé ni ó ti ń ṣètò àwọn ìwé àdììtú náà lọ.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni àwọn ọmọ ogun Jàpáànù ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor ní Hawaii, ni Amẹ́ríkà bá wọ Ogun Àgbáyé Kejì. Ìròyìn ikú ni ó kún inú ìwé ìròyìn. Àwọn ìyá ń retí lẹ́tà ọmọ wọn láti ojú ogun, àwọn ará ìlú sì ń múra sílẹ̀ fún alẹ́ tí a ó ní kí onílé paná nítorí ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá. Lester Markel, olóòtú ti ọjọ́ Àìkú ní The New York Times, rí i pé ó yẹ kí òǹkàwé ní ohun tí yóò gbé ọkàn wọn kúrò nínú ìbànújẹ́ fún wákàtí kan. Ó béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ Margaret. Èsì Margaret ni pé kò sí ẹni tí ó lè máa tú àdììtú ọ̀rọ̀ kí ó tún máa ro ìṣòro rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Báyìí ni ìwé ìròyìn tí ó ti fi eré náà ṣe yẹ̀yẹ́ ṣe gbé e lé Margaret lọ́wọ́. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1942, ni àkọ́kọ́ jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1950, ó di ti ojoojúmọ́.

Àdììtú ọjọ́ Àìkú yìí kì í ṣe kékeré. Iye tí ó wọ́pọ̀ jù ni ojú 21 ní ìbú àti 21 ní òró, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 441. Bí o bá kọ́kọ́ wò ó, o lè rò pé o kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Má sá. Wá ọ̀kan tí ó dá ọ lójú, ì báà ṣe lẹ́tà mẹ́ta péré, kí o kọ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ yóò fún ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, òmíràn yóò sì fún ọ ní òpin ẹ̀kẹta. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ọ̀kan bá sì dí ọ lójú, gbé e sílẹ̀, lọ jẹun, kí o padà wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn máa ń dé nígbà tí ènìyàn kò wá a mọ́. Margaret mọ gbogbo èyí. Ó fẹ́ kí ìbéèrè le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀tàn. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé nídìí oúnjẹ àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tú u, nítorí náà kò gba orúkọ àìsàn, ikú tàbí ohun ìríra láàyè níbẹ̀.

Ọdún 1969 ni ó fẹ̀yìn tì ní The New York Times, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, Will Weng sì gba ipò rẹ̀. Kò ká ọwọ́ gbera síbẹ̀. Ó ń ṣètò ìwé àdììtú lọ títí iye ìwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1924 fi kọjá 130. Ẹnu iṣẹ́ náà ni ó wà nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1984, ní ẹni ọdún 87.

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí, a lè gbé iṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́ lọ́la tí ojú yóò tì ọ́ láti sọ orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Rántí obìnrin yìí. Ọjọ́ tí ó jókòó síbi tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń jókòó sí, tí ó sì tọ́ ohun tí ó ń bù fún wọn wò, ni ọjọ́ tí ó di olókìkí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ lọ́jọ́ náà.