Rudolf Duala Manga Bell: Ọba Douala tó fi ìwé àdéhùn dojú kọ ìjọba Jámánì nítorí ilẹ̀

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 1914, ìjọba amúnisìn Jámánì yẹgi fún Ọba Rudolf Duala Manga Bell ní ìlú Douala, lórílẹ̀-èdè Cameroon. Ọjọ́ kan ṣáájú ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì dá a lẹ́bi.

Ọba yìí kò kó ọmọ ogun jọ, bẹ́ẹ̀ ni kò dáná sun ilé òyìnbó kankan. Ohun kan ṣoṣo ló ń lé: kí wọ́n má gba ilẹ̀ àwọn ará Duala lọ́wọ́ wọn.

Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ pé kéèyàn ní àfojúsùn, ì báà jẹ́ lẹ́nu òwò tàbí nínú ìgbé ayé. Ìtàn Manga Bell jẹ́ ká rí bí èèyàn ṣe ń di àfojúsùn kan mú nígbà tí wọ́n bá ń di ọ̀nà mọ́ ọn, àti ohun tó lè ná a.

Ta ni Rudolf Duala Manga Bell?

Ọdún 1873 ni wọ́n bí i sí ìdílé ọba Bell ní Douala, ìlú èbúté tó wà létí odò Wouri. Òwò ló sọ ìdílé náà di alágbára. Àwọn ni alárinà láàárín àwọn oníṣòwò òyìnbó tó ń bá ọkọ̀ ojú omi wá àti àwọn ìlú inú lọ́hùn-ún tó ní epo pupa àti eyín erin.

Bàbá bàbá rẹ̀, Ndumbe Lobe Bell, wà lára àwọn ọba tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Jámánì ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 1884. Ibẹ̀ ni Jámánì gbà wọ Cameroon. Àmọ́ àwọn ọba Duala ti sọ ọ́ gbangba nígbà náà pé ilẹ̀ tí àwọn èèyàn wọn ń gbé àti èyí tí wọ́n ń dáko sí yóò ṣì jẹ́ tiwọn àti ti àtọmọdọ́mọ wọn.

Ní 1891, wọ́n rán Rudolf lọ kàwé ní Jámánì. Ìdílé olùkọ́ kan ló gbé lọ́dọ̀ ní ìlú Aalen, ó sì tún lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Ulm. Nígbà tó fi máa padà wálé, èdè Jámánì ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì ti rí bí àwọn òyìnbó náà ṣe ń ṣe nǹkan nílé wọn.

Ó fẹ́ Emily Engome Dayas, ọmọ tí oníṣòwò ará Gẹ̀ẹ́sì kan bí fún obìnrin Duala. Nígbà tí Manga Ndumbe Bell tó jẹ́ bàbá rẹ̀ wàjà ní 1908, òun ló bọ́ sípò.

Gbèsè wà lára ohun tó jogún. Èrè alárinà pàápàá ti tán, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ti ń wọ inú ìlú lọ ra ọjà fúnra wọn. Òwò kòkó àti gẹdú ni ọba tuntun náà gbájú mọ́. Lójú ìjọba Jámánì, ọ̀rẹ́ wọn ni.

Kí ni Jámánì fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe?

Ní 1910, lásìkò Gómìnà Theodor Seitz, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ará Duala kúrò létí odò tí àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí, kí wọ́n lọ máa gbé ibòmíràn tó jìnnà sómi. Òyìnbó nìkan ni yóò kù létí odò. Wọ́n yóò sì fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà kan sílẹ̀ lófìfo láàárín òyìnbó àti adúláwọ̀.

Ìlera ni ìjọba fi ṣe àwíjàre. Wọ́n ní ara àwọn adúláwọ̀ ni òyìnbó ti ń kó ibà. Àmọ́ etí odò yìí náà ni èbúté wà, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ ti níye lórí jù. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò níbẹ̀ pàdánù ilé, ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ àti ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó gbà-má-bínú tí ìjọba fẹ́ san kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ilẹ̀ náà tó.

Báwo ni Manga Bell ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kò kó ẹ̀sùn jọ. Ìwà ìkà àwọn amúnisìn pọ̀ tó ohun tí èèyàn lè fi ọdún kan kà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ló dì mú, ìwé àdéhùn 1884 ló sì fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ohun tí Jámánì fúnra rẹ̀ tọwọ́ bọ̀ ló ní kí wọ́n tẹ̀ lé.

Ìkejì, kò dá a ṣe. Ìdílé Bell àti ìdílé Akwa ti ń bá ara wọn figagbága lórí òwò àti agbára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohùn wọn ṣọ̀kan.

Ìkẹta, ó wá ẹni tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Gómìnà ló fẹ́ gba ilẹ̀, kò lè jẹ́ òun náà ni yóò dá a dúró. Nítorí náà, láti 1911, àwọn ọba Duala ń kọ ìwé ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí Reichstag, ilé aṣòfin Jámánì ní Berlin.

Nígbà tí wọ́n di ọ̀nà mọ́ ọn

Ní oṣù Kìíní, ọdún 1913, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n gba ilẹ̀ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n yọ Manga Bell nípò, wọ́n sì dá owó tí ìjọba ń san fún un dúró.

Wọn kò fún àwọn ará Duala láyè láti lọ sí Jámánì lọ sọ tẹnu wọn. Manga Bell bá rán akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, ní bòókẹ́lẹ́. Ngoso Din dé Jámánì, ó bá agbẹjọ́rò ṣiṣẹ́, akọ̀ròyìn Hellmut von Gerlach sì bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà síta.

Ọ̀nà náà fẹ́ já sí ire. Níbẹ̀rẹ̀ 1914, ọ̀rọ̀ Douala di àríyànjiyàn ní Reichstag, wọ́n sì ní kí ìjọba dá iṣẹ́ náà dúró ná kí wọ́n lè yẹ ọ̀rọ̀ wò.

Kí ló wá sọ ẹjọ́ ilẹ̀ di ẹjọ́ ikú?

Ìjọba yí ẹjọ́ náà padà. Wọ́n ní Manga Bell ń ránṣẹ́ sí àwọn ọba mìíràn láti dìtẹ̀ mọ́ Jámánì. Ọ̀kan lára ẹ̀sùn náà ni pé ó rán ìránṣẹ́ sí Njoya, ọba Bamum ní Foumban. Láti ọ̀dọ̀ Njoya sì ni ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn òyìnbó.

Oṣù Karùn-ún, ọdún 1914 ni wọ́n mú Manga Bell. Wọ́n mú Ngoso Din ní Jámánì, wọ́n sì dá a padà sí Cameroon. Kò pẹ́ sí i ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, àyè àtigba ẹ̀bẹ̀ sì tán. Wọ́n yẹgi fún ọba àti akọ̀wé rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n pa Martin-Paul Samba ní Ebolowa lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 50 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba Douala lọ́wọ́ Jámánì.

Ṣé ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tó ń lé?

Wọ́n ti lé àwọn ènìyàn Bell kúrò kí ogun tó dé. Ilẹ̀ tuntun tí wọ́n fún wọn ló di New Bell, tó padà wá di àdúgbò àwọn àlejò ní Douala. Faransé tó gbapò Jámánì kò dá etí odò náà padà. Ibẹ̀ ni Bonanjo òde òní, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kún sí.

Àmọ́ ètò náà kò parí. Ìjọba Jámánì kò rí àyè lé àwọn ará Akwa àti Deido kí ogun tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọdún mẹ́ta tí Manga Bell fi fa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ ló fún wọn ní àyè yẹn.

Ní Èkó, irú ẹjọ́ yìí parí síbòmíràn. Ní 1913 kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tíjání Olúwa gbé ẹjọ́ lọ sí London, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre, owó gbà-má-bínú tó rí gbà sì jẹ́ £22,500.

Àwọn méjèèjì ní ìwé, agbẹjọ́rò àti aṣojú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀ ni pé Olúwa rí ilé ẹjọ́ tó ga ju gómìnà lọ. Olóṣèlú ni Manga Bell ní láti bẹ̀, ọwọ́ ìjọba tó fẹ́ gba ilẹ̀ náà ni ìdájọ́ sì padà bọ́ sí. Ẹni tó bá ń lé nǹkan ńlá, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Àwọn ará Duala ń pe Manga Bell ní Tet'Ekombo, ìyẹn bàbá ìlú. Ọmọ rẹ̀, Alexandre, padà di aṣòfin ní Paris.

Ní 2022, Ulm tó ti kàwé sọ gbàgede kan lórúkọ rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Berlin yọ orúkọ Gustav Nachtigal, ẹni tó ta àsíá Jámánì sókè ní Douala ní 1884, kúrò lára gbàgede kan, wọ́n sì fi orúkọ Rudolf àti Emily Manga Bell rọ́pò rẹ̀.