Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí Tó Dojú Kọ Ìtọ̀ Ṣúgà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ẹnìkan bá wà tí ó fẹ̀sọ̀ mú iṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ni. Ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1935, ni wọ́n bí i ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ilẹ̀ Èkìtì. Ó kàwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì, kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìbàdàn. Ìtọ́jú ọpọlọ àti iṣan ara ni ó yàn láàyò.

Ní àkókò náà, àìsàn kan ń bá àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú fínra. Àtẹ́lẹsẹ̀ a máa ta wọ́n bí ẹni tí ó tẹ ata mọ́lẹ̀, wọn a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ojú wọn a sì máa ṣú. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni a máa ń tètè dì mọ́ ayé lọ́rùn. Ọ̀ṣuntókun kò bá ayé jà. Ó wo oúnjẹ wọn, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì tọ́ka sí májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa, pàápàá níbi tí ẹran àti ẹja kò ti tó nínú ọbẹ̀. Ní 1968 ni ó tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gẹ́ nìkan ní í mú ẹsẹ̀ jóni. Bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, á máa ba iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni náà lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kí ó má mọ̀, egbò rẹ̀ a sì kọ̀ láti jinná. Ọ̀pọ̀ dókítà òyìnbó sì gbà nígbà náà pé ìtọ̀ ṣúgà ṣọ̀wọ́n láàrin aláwọ̀ dúdú. Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹnu lásán jiyàn. Wọ́n ka èèyàn. Ní 1971 wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ Nàìjíríà 832 tí ó ní àìsàn náà. Ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ dókítà ojú, ti ṣe tirẹ̀ ní 1969 lórí ojú aláìsàn 758.

Ó di ọ̀gá àgbà ní UCH, Ìbàdàn, síbẹ̀ kò pa ìwádìí tì. Ní 1992, òun àti àwọn onímọ̀ láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn arúgbó Ìbàdàn wé àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú ti ọ̀hún. Ọ̀nà kan náà ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn yàtọ̀, àwọn ará Ìbàdàn kò sì sanra tó wọn. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, nínú 100 arúgbó, ó lé díẹ̀ ní 3 tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún ní Indianapolis. Ní Ìbàdàn, ó lé díẹ̀ ní 1.

Ọ̀ṣuntókun kò rí èsì náà. Ó ti kú ní 1995, ní ẹni 60 ọdún.

Ní 2002, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí èèyàn 3,234 tí ìtọ̀ ṣúgà ń rọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí wọn fi hàn pé àwọn tí ó dín ìsanra wọn kù, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, fi ìdá 58 nínú 100 dín ewu náà kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Sabon Gari ní Minna níbí, ẹ gbọ́: ṣíbí ṣúgà mẹ́rin nínú ife tíì kan, ọ̀kadà láti ẹnu ilé dé ẹnu kíláàsì, ọ̀nà àìsàn ni. Ẹ dín ṣúgà kù, ẹ fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ sì sọ fún àwọn òbí yín kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Bí ó bá tó 126, kí wọ́n má ṣe dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń jó wọn kí wọ́n tó rí dókítà. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ti ka àwọn aláìsàn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á kún wọn.