Ìgbésí Ayé Rudolf Diesel àti Ẹ̀rọ tí Ó Fi Sílẹ̀ fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi

Ìfáárà
Ìró ẹ̀rọ ìlọta tí ń mu dísù kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ń ná ọjà Ìkirè tàbí Àpòmù. Dísù náà ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń mu. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni epo yìí ń jẹ́. Ìgbésí ayé ẹni náà, àti ìdí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi gba ẹ̀rọ rẹ̀, ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀
Ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 1858 ni wọ́n bí Rudolf Diesel sí ìlú Paris. Ọmọ Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Faransé àti Jámánì ní ọdún 1870, ẹbí náà fi Paris sílẹ̀, wọ́n sá lọ sí London. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Rudolf, ọmọ ọdún méjìlá, ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí ní Augsburg. Ìyà ogun kò dí i lọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní Munich lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Carl von Linde, ó sì jáde ní ọdún 1880 pẹ̀lú èsì tí ó ta yọ.

Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀
Ẹ̀rọ tí ń fi èédú hó omi ni ó gbòde nígbà náà, púpọ̀ nínú iná rẹ̀ sì ń ṣòfò. Diesel gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ọdún 1893. Lọ́dún náà, ohun èlò kan bú gbàù lára ẹ̀rọ náà níbi ìdánwò, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ní ọdún 1897, ẹ̀rọ náà lè sọ ìpín 26 nínú ọgọ́rùn-ún agbára epo di iṣẹ́.

Nínú ẹ̀rọ bẹntiróòlù, púlọ́ọ̀gì ni ó ń ṣáná. Ti Diesel kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí tí yóò fi gbóná gidigidi. Bí epo bá ti kàn án, iná ràn. Níbi ìpàtẹ Paris ti ọdún 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi wa irú ẹ̀rọ yìí kan.

Ẹ̀rọ Rẹ̀ Lójú Omi
Ẹ̀rọ bẹntiróòlù ti wọ ọkọ̀ ojú omi ṣáájú ti Diesel. Gottlieb Daimler ti dán an wò ní ọdún 1886. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké orí ọ̀sà Èkó fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù máa ń tètè di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà sì wúwo, a máa rọ̀ sí ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀. Bí iná bíńtín bá kàn án, ewu ńlá ni fún ẹni tí ó sùn sínú ọkọ̀. Dísù kì í tètè gbiná bẹ́ẹ̀, kì í sì í tètè tán lọ́nà jíjìn, bí ẹ̀rọ rẹ̀ tilẹ̀ wúwo tí ó sì wọ́n. Ní ọdún 1903, ọkọ̀ ẹrù Petit Pierre lò ó ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1912, ọkọ̀ Selandia fi í rìn láti Copenhagen dé Bangkok.

Ikú Rẹ̀
Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1913, Diesel wọ ọkọ̀ Dresden ní Antwerp, ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jẹun alẹ́, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí i mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn atukọ̀ rí òkú kan lójú òkun. Àwọn ẹrù àpò rẹ̀ ni ọmọ Diesel fi dá a mọ̀. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn kí ó tó kú. Àwọn kan gbà pé òun ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, àwọn mìíràn kò gbà. Ọkọ̀ tí ó sì gbé e lọ, èédú ni ó ń jó.

Àgbálọgbábọ̀
Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n Diesel kò tẹ ẹ́. Àwa ni a ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ wa ni pé ìrìn tí ọkọ̀ yóò rìn ni kí a fi yan ẹ̀rọ rẹ̀: bẹntiróòlù fún ìrìn kúkúrú nínú ọkọ̀ kékeré, dísù fún ọ̀nà jíjìn àti ọkọ̀ tí ènìyàn ń sùn sí.