Lucy Wills: Dókítà tó wo inú abọ́ oúnjẹ àwọn aláboyún kó tó mọ ohun tó ń pa wọ́n

Láti Èkó títí dé Kútọnu àti Accra, aláboyún tó bá lọ fún ayẹ̀wò oyún kì í sábà padà sílé láì gba oògùn folic acid.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé iṣẹ́ tí Lucy Wills ṣe láàárín àwọn obìnrin tálákà ní Íńdíà ló ṣí ọ̀nà fún oògùn yìí.

Ta ni Lucy Wills?

Ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 1888 ni wọ́n bí i nítòsí ìlú Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko àti àpáta ní Cambridge, ó sì yege nínú ìdánwò rẹ̀ lọ́dún 1911. Ṣùgbọ́n fásitì náà kì í fún obìnrin ní oyè nígbà yẹn.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, South Africa ló wà, ó sì ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Cape Town. Lẹ́yìn náà ló padà sí London láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì di dókítà lọ́dún 1920.

Kí ló gbé e dé Íńdíà?

Lọ́dún 1928, wọ́n pè é sí Bombay, ìlú tí wọ́n ń pè ní Mumbai lónìí. Àìtó ẹ̀jẹ̀ tó le ń pa àwọn aláboyún níbẹ̀, pàápàá àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ.

Wills kọ́kọ́ wá kòkòrò àrùn tó lè fà á, kò rí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí àwọn obìnrin náà ṣe ń gbé àti ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé e. Àwọn tí ẹran, èso àti ẹ̀fọ́ ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ wọn ni àìsàn náà ń mú jù. Kì í ṣe àfọwọ́fà wọn. Owó tó wà lọ́wọ́ kò gbé e ni.

Ọ̀bọ kan àti Marmite

Ó fi irú oúnjẹ yẹn bọ́ eku àti ọ̀bọ, ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tí ọ̀bọ kan fẹ́ kú, ó fún un ní Marmite, oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi ìwúkàrà ṣe. Ara ọ̀bọ náà yá.

Ó fún àwọn aláboyún náà ní Marmite, ẹ̀jẹ̀ wọn sì padà bọ̀ sípò. Ọdún 1931 ló gbé àbájáde iṣẹ́ náà jáde.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ èròjà tí kò tíì lórúkọ yìí ní èròjà Wills. Lọ́dún 1941, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí folic acid nínú ẹ̀fọ́ spinach. Láti ara ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ewé ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fún aláboyún òde òní?

Wills kò lọ́kọ. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1947, ó ṣì ń rìnrìn àjò lọ sí Jamaica, Fiji àti South Africa nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀. Ó tún di káńsílọ̀ ní Chelsea, ní London. Ó kú ní oṣù Kẹrin, ọdún 1964, lẹ́ni ọdún 75.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́dún 1991, ìwádìí mìíràn fi hàn pé folic acid tún ń dènà àbùkù ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú oyún. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni àbùkù náà ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún.

Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ní kí obìnrin tó ń wá oyún ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo 0.4mg lójúmọ́.

Èròjà yìí kò jìnnà sí ilé ìdáná wa: ó wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọsàn. Ṣùgbọ́n omi máa ń gbé e lọ, iná sì máa ń bà á jẹ́. Ẹni tó bọ ẹ̀fọ́ pẹ́, tó sì fún omi rẹ̀ dànù, ti da púpọ̀ nínú ohun tí Wills wá lọ sí Bombay nù.